Àga Ìwẹ̀ Màmá Adétóun

Àga ìwẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi pè é ní oríṣiríṣi orúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ẹnì kankan ò pè é ní orúkọ rẹ̀. Oníke funfun ni. Ó ní ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tí wọ́n wọ rọ́bà fún nísàlẹ̀ kó má baà yọ̀, ó ní apá méjì téèyàn lè dì mú, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́ lójú ìjókòó kí omi ọṣẹ lè máa gba ibẹ̀ jáde. Inú ọpọ́n ìwẹ̀ là ń gbé e sí. Arúgbó á jókòó lé e, èmi á bu omi sí i lára. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn, ọdún kọkànlá rèé ní Staten Island, ní Amẹ́ríkà níbí.

Màmá Adétóun ló ni àga náà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún ni wọ́n, àwọn ni wọ́n sì dàgbà jù nínú ìjọ wa. Stapleton ni wọ́n ń gbé, òpópónà mẹ́ta sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ wọn ọkùnrin wà ní Texas, ohùn rẹ̀ nìkan la máa ń gbọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àpótí oníke kan tí wọ́n rà ní ilé oògùn yọ̀ lábẹ́ wọn nínú ọpọ́n ìwẹ̀, egungun ìbàdí wọn sì kán. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìnṣọ́ránsì tó gbà láti ra àga gidi fún wọn. Ọkùnrin kan wá láti ilé ìwòsàn, ó wọn ẹsẹ̀ Màmá, ó wọn ọpọ́n ìwẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ àga náà dé ìwọ̀n tó bá wọn mu. Láti ọjọ́ náà, Màmá á jókòó, wọ́n á dijú, wọ́n á ní, "Ó yá, Bánkẹ́."

Ní oṣù kẹfà ọdún yìí, òtútù àyà gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn. Kọ́kọ́rọ́ ilé wọn wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bíṣọ́ọ̀bù kan ń bọ̀ láti ilé wá bẹ ìjọ wa wò.

Ẹ má rò pé ilé ńlá ni ṣọ́ọ̀ṣì wa o. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bẹ́ẹ̀dì tẹ́lẹ̀ ni, orí àga irin tó ń ká la sì ń jókòó sí. Ìjọ kan ní Soundview ṣèlérí pé àwọn á yá wa ní àga ńlá kan tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí lára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gbé e há sórí afárá. Bíṣọ́ọ̀bù ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Baba Ìjọ wa, Bàbá Oyèníyì, ń làágùn nínú agbádá.

"Sísítà Bánkẹ́! Wá àga! Àga tó lápá!"

Ibo ni mo ti máa rí àga tó lápá ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú? Mo sáré dé ilé Màmá, mo gbé àga ìwẹ̀, mo nù ún dáadáa, mo fi léèsì funfun bò ó. Kò sẹ́ni tó bi mí níbi tí mo ti rí i.

Bíṣọ́ọ̀bù sanra. Ó jókòó, ó sì jókòó pẹ́, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Ooru mú lọ́jọ́ náà, a sì ti gbé fáànù kékeré kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó dìde láti dúpẹ́, ó fọwọ́ kan ìbàdí, ó ní:

"Ẹ̀yin ará, láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn mi ò tíì sinmi bíi tòní. Mo jókòó sórí àga yìí, atẹ́gùn tútù kan sì ń fẹ́ sí mi lára láti ìsàlẹ̀ wá. Mi ò mọ ibi tó ti ń wá. Ọlọ́run ń bẹ níbí o!"

Ilé dàrú. Halelúyà gba gbogbo ibẹ̀ kan. Gèlè ń já bọ́ lórí àwọn obìnrin. Èmi wo fáànù. Kí ni ǹ bá sọ? Kí n dìde kí n ní, "Olúwa mi Bíṣọ́ọ̀bù, ihò ló wà nídìí àga yẹn"? Mo pa ẹnu mi mọ́. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mi ò sì ní dì í ru ẹlòmíràn.

Nígbà tí mo lọ gbé e lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá Oyèníyì ti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, ó ti ta okùn aláwọ̀ àlùkò yí i ká. Bàbá yìí fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ńlá. Tó bá fẹ́ kí o ti fèrèsé, orí ìṣẹ̀dá ayé ló ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Sísítà, ohun èlò tí ògo bá ti bà lé kì í padà síbi tó ti wá. Àga Atẹ́gùn lorúkọ rẹ̀ báyìí."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ó lẹ́ni tó ni ín, sà."

"Olúwa ló ni ín."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Susan, tún wá fi tirẹ̀ kún un. Ìlú yìí ni wọ́n bí Susan sí. Ó kàwé rẹpẹtẹ nípa ẹ̀sìn ní yunifásítì, Yorùbá rẹ̀ sì tẹ́jú bíi pápá bọ́ọ̀lù: kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Ó kọ ìwé pélébé kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè àga náà, ó sì pè mí kó lè túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Àǹtí Bánkẹ́, ẹ wò ó, kì í ṣe àga. Ẹnu ọ̀nà ni. Láàárín ayé yìí àti ọ̀run."

"Àga ni, Susan."

"Bẹ́ẹ̀ ni! Àga lásán! Ìyẹn ló jẹ́ kó jẹ́ mímọ́. Gbogbo nǹkan lásán ló jẹ́ mímọ́ tí a bá wò ó dáadáa."

"Ta ló wá ń nu eruku gbogbo nǹkan lásán wọ̀nyẹn?"

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Ó ní ó jinlẹ̀ gan-an. Ìbéèrè ni mo bi í o. Kò dáhùn rẹ̀ títí dòní.

Kí oṣù keje tó parí, ọ̀rọ̀ ti kọjá àga. Dámi, ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ wa, fọwọ́ kàn án kó tó lọ ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì, ó sì yege. Kò rántí mọ́ pé ọdún mẹ́ta lòun fi kàwé. Obìnrin kan gbé fọ́tò ilé tó fẹ́ rà ní Port Richmond sórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, a dé, a rí i pé ẹnì kan ti yọ rọ́bà ẹsẹ̀ kan lọ. Bàbá Oyèníyì ra ṣéènì àti àgádágodo, ó de àga mọ́ páìpù. Àga tí wọ́n ṣe kí arúgbó má baà ṣubú ló wá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ lábẹ́ léèsì.

Màmá padà wálé ní oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ti rù, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò rù. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni omi gbígbóná.

"Bánkẹ́, àga mi dà?"

"Wọ́n ń tún un ṣe, mà."

Irọ́ ni. Mo pe ìnṣọ́ránsì. Wọ́n ní ẹni tó bá ti gba àga kan gbọ́dọ̀ lo ọdún márùn-ún kó tó gba òmíràn. Mo fi owó ara mi ra ọ̀kan ní ilé oògùn. Màmá ò tilẹ̀ jókòó sí i. Wọ́n fọwọ́ mì í, ó dún.

"Ọmọ ìyá èyí tó jù mí sílẹ̀ nìyí. Gbé e kúrò."

"Màmá, ẹ kàn gbìyànjú ẹ̀ wò. Mo máa dì yín mú."

"Ìwọ tí o ò ga ju tábìlì lọ? Ẹni tó bá máa bọ́ra sí ìhòòhò jókòó, àga tó fọkàn tán ló ń jókòó sí."

Torí náà, orí ibùsùn ni mo ti ń fi aṣọ tí mo rẹ sínú omi nù wọ́n lára. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Bánkẹ́, òkú gan-an, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó sin ín. Èmi tí mo ṣì ń mí ni ò ń nù bíi fèrèsé."

Ní ọjọ́ kejì, Christina, nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó iṣẹ́ wa, pè mí lórí fóònù. Ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ lòun máa wá wo bí Màmá ṣe ń wẹ̀. Tí wọn ò bá lè wẹ̀ nílé láìsí ewu, òun máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì wá àyè fún wọn ní ilé àwọn arúgbó. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n kọjú sí ògiri.

"Àwọn tó lọ síbẹ̀, ṣé o mọ ẹnì kan tó padà wálé?"

Mi ò mọ ẹnì kankan.

Bí mo ṣe gba ìpàdé ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ ní Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Ẹni mẹ́ta ló jókòó: Bàbá Oyèníyì, alùfáà wa Babátúndé tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó sì ń bẹ̀rù Bàbá, àti Susan tó ń kọ àkọsílẹ̀.

"Ẹ kú ìpàdé, sà. Mo wá gba àga."

"Àga wo?"

"Èyí tí ẹ fi ṣéènì dè. Màmá Adétóun ló ni ín. Àga ìwẹ̀ ni."

Bíírò Susan dúró.

"Kí lo pè é?" Bàbá béèrè.

"Àga tí a fi ń wẹ arúgbó, sà. Ihò wà nídìí rẹ̀ kí omi lè jáde. Fáànù la gbé sẹ́yìn Bíṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Inú ihò yẹn ni afẹ́fẹ́ gbà kàn wọ́n."

Alùfáà Babátúndé fi aṣọ ìnujú bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

"O gbé odidi Bíṣọ́ọ̀bù ka orí àga ìwẹ̀?" Bàbá pariwo.

"Ẹ̀yin lẹ ní àga tó lápá, sà."

Susan pàtẹ́wọ́. "Dádì, ó tún wá dára sí i! Omi! Ara! Ọjọ́ ogbó! Mo máa tún ìwé ara ògiri kọ."

"Susan, dákẹ́."

Bàbá fọwọ́ lérán. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló ń wá, ó sì rí i.

"Sísítà, tí àga yìí bá jẹ́ mímọ́, kò gbọdọ̀ kúrò. Tó bá sì jẹ́ àga ìwẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́, torí náà kò gbọdọ̀ kúrò."

"Màmá ńkọ́, sà?"

"Kọ lẹ́tà."

"Sí ta?"

"Sí ìgbìmọ̀."

"Ẹ̀yin ni ìgbìmọ̀, sà. Ẹ ṣáà jókòó síwájú mi."

"A ò lè dá ẹjọ́ ohun tí a ò tíì kà. Ìparí oṣù la tún máa pàdé."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ò ní dúró de ìparí oṣù. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: léèsì, fáànù, okùn, ṣéènì. Wọ́n gbọ́ ọ títí ó fi tán.

"Bíṣọ́ọ̀bù yìí, ṣó wúwo?"

"Ó wúwo, mà."

"Ẹsẹ̀ àga ò tẹ̀?"

"Kò tẹ̀, mà."

"Hẹn-ẹn. Àga gidi ni. Bá mi wá gèlè mi, èyí tó pupa. A ń lọ sí ìsìn lọ́la."

Òpópónà mẹ́ta yẹn gbà wá tó wákàtí kan. Màmá ń ti irin tí wọ́n fi ń rìn lọ níwájú, èmi ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì ní ìmúrasílẹ̀. Wọ́n ń kọ orin kejì nígbà tí a wọlé. Ẹni tó ń tọ́ni sí ìjókòó fi àga kan hàn wá ní iwájú. Màmá ò wò ó. Wọ́n gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì lọ tààrà, kò-kò-kò, títí wọ́n fi dé ibi okùn.

"Bánkẹ́, ká okùn yìí."

Mo ká a. Wọ́n yíra padà, wọ́n di apá àga mú, wọ́n jókòó.

Orin dákẹ́. Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn, "Arọ ti rìn!" Halelúyà bẹ̀rẹ̀.

"Ta lẹ̀ ń pè ní arọ?" Màmá bi wọ́n.

Halelúyà parí.

Bàbá Oyèníyì ti dé. Ó dọ̀bálẹ̀, ìwọ̀nba tí agbádá gbà á láyè.

"Ẹ káàbọ̀, mà. A dúpẹ́ pé ara yín ti yá. Ìjókòó yín wà lọ́hùn-ún, mà."

"Mo ti jókòó, Oyèníyì."

"Mà, ẹ má bínú, àga mímọ́ ni èyí."

"Mo mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ. Ìhòòhò mi ló máa ń rí láràárọ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó yára sọ ọ́ di ikọ́. Nínú ìjọ tiwa, a ti rí ẹni tó bá alùfáà jiyàn, a ti rí ẹni tó bínú sí Ọlọ́run ní gbangba, ṣùgbọ́n a ò tíì rí ẹni tó máa sọ fún ìyá ẹni ọdún mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún pé kó dìde fún òun. Ọkùnrin tó ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo nǹkan wá a títí, kò rí i.

Màmá sún díẹ̀. Àga mì. Wọ́n wo ìsàlẹ̀.

"Ta ló mú bàtà àga mi?"

Anthony, ọmọ ìjọ wa kan, jáde wá láti ẹ̀yìn. Ilé oúnjẹ kan ló ti ń fọ abọ́, ọdún kẹfà sì rèé tó ti ń retí ìwé ìgbélùú. Ó yọ rọ́bà náà láti inú àpò àyà rẹ̀, ó ti fi ọ̀rá wé e. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dákun, mà. Ọjọ́rú ni wọ́n pè mí fún ìwé mi. Mo ní kó bá mi wọlé."

"Ọmọ mi, rọ́bà ni. Tí wọ́n bá bi ọ́ ní ìbéèrè, kò ní bá ọ dáhùn. Ṣé o ní lọ́yà?"

"Mo ní, mà."

"Òun ni kí o mú wọlé. Wọ rọ́bà yẹn fún àga."

Ó kúnlẹ̀, ó ń wọ̀ ọ́. Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, wọn ò sì gbé e kúrò títí ó fi wọ̀ ọ́ tán.

"Oyèníyì, ṣí ṣéènì."

"Kọ́kọ́rọ́ wà nílé, mà."

"Kò burú. Mo máa dúró dè é. Ẹ máa bá ìsìn yín lọ."

A bá ìsìn lọ. Alùfáà Babátúndé wàásù pẹ̀lú Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń wò ó láìṣẹ́jú. Ìwàásù tó kúrú jù látìgbà tí wọ́n ti dá ìjọ wa sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́, kò sẹ́ni tó lọ. Ta ló fẹ́ jáde kí àgbà tó dìde? Ebi ń pa àwọn ọmọdé, wọ́n ti ń sunkún. Aago méjì kọjá. Nígbà tó yá, Alùfáà Babátúndé nu ojú rẹ̀, ó ní:

"Baba Ìjọ, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo inú àpò yín."

Àṣẹ àkọ́kọ́ tó máa pa fún Bàbá láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Bàbá wo àpò òsì. Ó wo àpò ọ̀tún. Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àga náà dé ilé Màmá. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ó gbé e lérí tòun ti léèsì, ó ń lọ níwájú wa lójú pópó. Obìnrin ará Làìbéríà kan tó pàtẹ ẹja gbígbẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bi í ní èló ló máa tà á. Bàbá ò dáhùn. Nígbà tó gbé e sínú ọpọ́n ìwẹ̀ tán, ó dúró, ó ń wo ọṣẹ, ó ń wo kànìnkànìn.

"Mà, ẹ jẹ́ kí n súre sí i kí ẹ tó lò ó."

"Lọ súre níta, Oyèníyì. Mo fẹ́ bọ́ṣọ."

Ó sáré jáde. Ó ku Susan lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Àǹtí, ṣé mo lè wò?"

Màmá gbọ́ ọ. "Kì í ṣe sinimá. Tó bá fẹ́ wọlé, kó ká apá aṣọ."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sórí fíríìjì, mo fún un ní kànìnkànìn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n.

"Kí ni mo máa sọ?"

"Má sọ nǹkan kan. Àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."

Mo da omi àkọ́kọ́ sí èjìká Màmá. Ara wọn kọ́kọ́ le, bíi ti ẹni tí kò dá a lójú, lẹ́yìn náà ó rọ̀, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n dijú. Mo fọ ìpàkọ́ wọn, mo fọ ẹ̀yìn etí, mo fọ abẹ́ ọmú tí aṣọ kì í lè nù dáadáa, mo rọra fọ ojú àpá tó wà ní ìbàdí. Omi ń gba inú ihò lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni Susan ń fọ̀, ó fọ̀ ọ́ títí ó fi di dandan kí n rán an létí pé Màmá tún ní òmíràn.

Christina dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ó ń wo bí Màmá ṣe di apá àga mú tí wọ́n jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Màmá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ tí wọ́n bá wà ní ìhòòhò. Èmi ni mo ń túmọ̀.

"Ó ní ṣé ọkàn yín balẹ̀ lórí àga yìí, mà? Ó ní ṣé ẹ̀rù ò bà yín?"

Màmá la ojú kan.

"Sọ fún un kó yan ọ̀kan. Kó wọlé tàbí kó jáde. Òtútù ń wọlé."

Mo sọ fún un. Christina rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó kọ̀wé fúngbà díẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó fi hàn mí.

"Kí ló kọ?" Màmá béèrè.

"Ó ní kí ẹ máa gbé ilé yín, mà. Ó ti parí."

"Ẹ̀yìn mi ò tíì parí. Bu omi sí i."